Ata Ẹ̀yìn Ògiri Oníbúrẹ́dì

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ọwọ́ mi kò lè gba orí kọjá kan etí kejì, tí àwọn olùkọ́ ń dá mi padà sílé pé kí n lọ dàgbà sí i kí n tó wá forúkọ sílẹ̀, Agége ni à ń gbé, nínú ilé kan tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti ilé búrẹ́dì. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ti ògiri yìí fún yín, torí lára rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ààrò búrẹ́dì náà wà ní òdìkejì gan-an. Igi ni wọ́n ń dá sí i láyé ìgbà náà, láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kó tó di àárọ̀, ògiri tiwa náà á ti lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ara ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Nígbà òjò, kò sẹ́ni tó ń ka ògiri náà sí. Àmọ́ bí ọyẹ́ bá ti dé, tí ètè ń là, tí ẹsẹ̀ gbogbo wa funfun bí ẹni tó rìn nínú eérú, ògiri á di ọba. Tọmọdé tàgbà á fẹ̀yìn tì í. Bàbá kan ń ránṣọ níwájú ilé wa, Télọ̀ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n máa ń sọ pé ìyàwó àwọn kejì ni ògiri náà, pé òun nìkan ni kì í bá àwọn jà.

Bàbá tó bí bàbá mi ń gbé pẹ̀lú wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aláṣọ kan ní Ìkẹjà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ sì ti jẹ díẹ̀ nínú etí wọn, ìyẹn ni wọ́n fi máa ń sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni ń ké sí ará òdìkejì odò. Nǹkan méjì ni Bàbá àgbà fẹ́ràn láyé: ìkíni, àti ata kan.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìkíni tí mo ń wí yìí kì í ṣe kéèyàn ní "ẹ káàárọ̀ sà" kó sì máa lọ. Bí o bá fẹ́ kí Bàbá àgbà, wàá dọ̀bálẹ̀ tàbí kí o kúnlẹ̀. Wọn á béèrè bí o ṣe sùn, bí ìyá rẹ ṣe sùn, bí ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá rẹ ṣe rí, bóyá ọmọ àbúrò rẹ ti ń jókòó. Lẹ́yìn náà wọn á kì ọ́ ní oríkì ilé yín, ìgbà náà lo tó lè dìde. Ẹni tó bá kí wọn lórí ìrìn, wọn á pè é padà ni: "Ìwọ! Padà wá. Ta lo jù ú sí yẹn? Ṣé ajá ni mí?" Ojú mi báyìí ló ṣe tí ọkùnrin kan tó wọ táì, tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́, padà wá nà gbalaja sínú eruku.

Ní ti ata, ata ìyá wọn ni. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọ ọwọ́. Kì í pupa bó bá pọ́n, àwọ̀ ọsàn ló máa ń ní, òórùn rẹ̀ nínú ọbẹ̀ sì lè mú kí ẹni tó ti yó tún béèrè àwo. Ẹ̀yìnkùlé ìyá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ẹbí sì ti kọ́lé lé ẹ̀yìnkùlé náà lórí. Irúgbìn rẹ̀ tó kù láyé wà nínú àdó kékeré kan tí wọ́n fi àkísà dí lẹ́nu, tí wọ́n so rọ̀ lábẹ́ páànù yàrá wọn.

Òjò ìkẹyìn ọdún náà, èyí tó yẹ kó kàn dágbére kó máa lọ, jà débi pé ó ṣí páànù. Omi wọnú àdó. Kí Bàbá àgbà tó rántí sọ̀ ọ́ kalẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú irúgbìn ti bu, ó ti ń rùn. Ẹ̀kúnwọ́ kan péré ló kù tó ṣì dára, ìyẹn náà sì ti wú. Màmá mi ní kí wọ́n sá a sóòrùn kó gbẹ. Bàbá àgbà mi orí.

"Irúgbìn tó bá ti mumi ti jí nìyẹn. Èèyàn kì í sọ fún ẹni tó ti jí pé kó padà lọ kú."

Ó di dandan kí wọ́n gbìn ín, ọyẹ́ sì ti wà lẹ́nu odi. Ẹni tó bá ti gbin ata rí mọ ohun tí mo ń sọ. Ata ọmọdé fẹ́ ooru. Bí òtútù bá mú un nílẹ̀, á jókòó sínú erùpẹ̀ títí á fi jẹrà. Bó bá sì yọjú, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á fà á gbẹ bí ewé tí a yà sórí ààrò. Bàbá àgbà mọ gbogbo èyí. Wọ́n dúró lẹ́yìnkùlé, wọ́n wo ògiri oníbúrẹ́dì títí, wọ́n wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e.

Wọ́n lọ bá àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí ní Ìkẹjà. Wọ́n kó pákó àpótí ẹ̀rọ àti ọ̀rá fífẹ̀ tí wọ́n fi ń di ẹrù bọ̀. Kò pẹ́ rárá tí ilé ọ̀rá kan fi fẹ̀yìn ti ògiri náà, tó gùn tó nǹkan bíi yàrá, tó sì rẹlẹ̀ débi pé àgbàlagbà gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó wọ̀ ọ́. Ọ̀rá kan tí wọ́n ta ló jẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n to agolo mílíìkì tó kún fún erùpẹ̀ sára ògiri nínú lọ́hùn-ún, wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn síbẹ̀, wọ́n sì kó wọlé bí ẹni tó ń ṣọ́ abiyamọ.

Télọ̀ dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti wá fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n bá ọ̀rá.

"Bàbá! Ẹ ti gba ìyàwó mi!"

"Ó ti lóyún," ni Bàbá àgbà dáhùn láti inú. "Jẹ́ kó sinmi."

"Oyún ata? Nínú ọyẹ́? Bàbá, ẹ̀yin ti fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí ata náà fẹ̀yìn tì. Tí ẹyọ kan bá hù níbẹ̀, kí wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ mi gbẹ́ kànga."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ kan ni a gbọ́ tí wọ́n pariwo lẹ́yìnkùlé pé, "Wọ́n ti dé o! Wọ́n ti dé!" Màmá mi sáré ró ìró, wọ́n rò pé àlejò ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ni. Ata ló hù. Ó tẹ̀ bí ìwọ̀, ó ń ti erùpẹ̀ kúrò lórí. Mo sáré mú abẹ́rẹ́ kan lọ fún Télọ̀, mo ní Bàbá àgbà ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kànga.

Ìgbà náà ni ọyẹ́ wá dé ní tòótọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ọyẹ́. Tí a bá jí, a kì í rí òpin àdúgbò, ojú ọ̀run á dà bí omi ìfọṣọ. Òtútù á gún èèyàn dé eegun. Níwọ̀n bó sì ti jẹ́ pé inú ilé ọ̀rá ni ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ jù wà, àwọn tí kì í kí ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀ wá di ọmọlúàbí lójijì. "Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn, Bàbá!" "Ẹ kú ọyẹ́ o!" Wọ́n kí wọn láàárọ̀, wọ́n kí wọn lọ́sàn-án, wọ́n tún wá béèrè bóyá wọ́n ti kí wọn. Inú Bàbá àgbà ń dùn. Wọ́n ń jókòó láàárín ata wọn bí ọba láàárín ìjòyè, wọ́n ń kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ ẹ wò ó. Ibẹ̀ ò fẹ̀. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀, orí rẹ̀ á wà nínú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà níta, ọ̀rá á sì wà ní ṣíṣí gbayawu lórí ẹ̀yìn rẹ̀, títí wọn á fi béèrè ara ilé rẹ̀ tán. Gbogbo ooru tí ògiri kó jọ láti ìrọ̀lẹ́ á bá ibẹ̀ jáde, ọyẹ́ á bá ibẹ̀ wọlé. Kò pẹ́ tí ata tó wà létí ilẹ̀kùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kákò. Ọrùn wọn dúdú, wọ́n ṣubú. Bàbá àgbà ní eku ni. Nígbà tó yá, wọ́n ní ojú ayé ni. Ikú náà sì ń bọ̀ wọlé, láti ìlà kan sí ìkejì, títí ó fi ku ìdajì.

Màmá mi ló kúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan tí wọ́n sọ ọ́. Níta ni wọ́n kúnlẹ̀ sí, wọn ò ṣí ọ̀rá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Ìkíni ló ń pa ata yín."

Lọ́jọ́ kejì Bàbá àgbà dúró lójúde, wọ́n kéde pé kí ẹnikẹ́ni má kí àwọn mọ́ títí ọyẹ́ á fi lọ.

Háà! Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ìkéde tí wọ́n ṣe ní Agége dé Muṣin kí ọjọ́ tó rọ̀. Àwọn ìyá ilé kejì ní, "Kí la fi ṣẹ Bàbá?" Ẹbí wa kan wọkọ̀ wá bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mọ̀. Nígbà tí ó wá di pé ẹ̀bẹ̀ ti rẹ àwọn èèyàn, wọ́n ṣe bí wọ́n ṣe wí: wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọ̀rá ní ìdákẹ́rọ́rọ́. Ata dúró, kò kú mọ́. Bàbá àgbà ló wá kù tó ń rọ. Oúnjẹ kò wọ̀ wọ́n lọ́fun. Mo rí wọn tí wọ́n ń kí ara wọn: "Ẹ káàárọ̀. Ẹ ò jíire bí?"

Télọ̀ ni kò lè gbà á mọ́ra. Wọ́n wá dúró níta ọ̀rá.

"Bàbá, n ò kí yín o. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo bá wá. Ilé yín kò ní láínì."

"Kí ni láínì?"

"Kóòtù tí kò ní aṣọ nínú, afẹ́fẹ́ ni ẹni tó wọ̀ ọ́ wọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi inú sí i fún yín. Ilẹ̀kùn méjì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín. Èèyàn á wọ àkọ́kọ́, á ti í, á dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, á wá ṣí èkejì díẹ̀ kó lè rí ojú yín."

Bàbá àgbà ronú. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà á gùn tó kí ni?"

"Á gùn tó ẹni tó ga jù tó ń kí yín."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì ló ga jù. Wọ́n pè é, wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀ nílẹ̀, Télọ̀ sì fi téèpù wọ̀n ọ́n láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Arákùnrin náà ní, "Ṣé pósí lẹ fẹ́ kàn fún mi ni?" Bàbá àgbà ní, "Fi ibì kan kún un fún bàtà rẹ̀." Wọ́n fi pákó tó kù kan férémù, Télọ̀ fi ẹ̀rọ wọn rán ọ̀rá mọ́ àpò ìyẹ̀fun tí oníbúrẹ́dì fún wa, ó di aṣọ ìkélé méjì. Láti ọjọ́ náà, ìkíni padà, ooru kò sì jáde. Ojú Bàbá àgbà tún ń dán.

A rò pé a ti borí. Ọ̀sẹ̀ tí òtútù le jù ni òrùlé ààrò búrẹ́dì wó.

Oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀, ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tí ìyẹ̀fun kì í kúrò ní ìpéǹpéjú rẹ̀, ló wá nà sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Bàbá, ẹ fi orí jì mí. Bíríkìlà ti ń mọ ọ́n, ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ dáná sí i àfi tó bá gbẹ. Mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá àgbà gbé ọwọ́ lé ògiri. Ó tutù bí òkúta ìdí omi. Ẹnì kan ní kí á gbé èédú wọlé. Màmá mi fò dìde: "Iná nínú ọ̀rá? Ṣé ata la fẹ́ gbà là tàbí a fẹ́ sun ilé?" Òótọ́ ni wọ́n sọ, èéfín nìkan ì bá sì ti pa ata náà. Bàbá àgbà bọ́ súwẹ́tà, wọ́n fi yí agolo ká. Wọ́n mú bùláńkẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n fi bo ìyókù. Wọ́n wá jókòó pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì nínú òtútù. N kò ní gbàgbé bí àyà wọn ṣe ń gbọ̀n.

Télọ̀ wọlé wá kí wọn kú ìrójú. Ìyàwó wọn tẹ̀ lé wọn, ó pọn ọmọ. Arákùnrin gíga náà dé, torí kò síṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún ara rẹ̀ mọ́ igun kan. Wọ́n jókòó. Mo wà lẹ́sẹ̀ Bàbá àgbà nígbà tí nǹkan kán sí mi lọ́rùn. Mo gbójú sókè. Omi ń sẹ̀ sára ọ̀rá lókè, ó ń kán tótó. Èémí wa ni. Bàbá àgbà náà gbójú sókè, wọ́n fi ọwọ́ kan agolo, ó ti ń lọ́wọ́ọ́wọ́. Wọn ò gbọ̀n mọ́. Wọ́n wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wa.

Wọ́n jáde sójúde, wọ́n fi ohùn ẹ̀rọ ìhunṣọ ké:

"Ẹ̀yin ará ilé! Ẹ̀yin ará àdúgbò! Ẹ wá kí mi o!"

Ìyá kan yọjú láti fèrèsé. "Bàbá, ṣebí a ti kí yín láàárọ̀?"

"Ẹ ò kí mi dáadáa!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n wá. Wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé lẹ́yọ lẹ́yọ, ìkélé kan ń ti kí èkejì tó ṣí. Ìyá arúgbó wá, abiyamọ wá, oníbúrẹ́dì kó gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá, àwọn tó kírun Ìṣà tán ní mọ́ṣáláṣí wá bá àwọn tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Èjìká kan èjìká. Bàbá àgbà kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè parí. Wọ́n béèrè ará ilé, wọ́n béèrè ará oko, wọ́n béèrè ewúrẹ́. Wọ́n ki oríkì débi tí wọ́n fi ń ki ìyá ìyá èèyàn.

Oníbúrẹ́dì ní, "Bàbá, ẹran ọ̀sìn mi ti tán, kí ni mo tún fẹ́ jíyìn?"

"Àbúrò ìyá rẹ tó wà ní Ìjẹ̀bú ńkọ́?"

"Ó ti kú, Bàbá."

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè! Jókòó, jẹ́ ká kí ọ dáadáa."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà sì lóoru tirẹ̀, ọ̀rá ń làágùn. Àwọn àgbà pín òru láàárín ara wọn, àwọn obìnrin gba ìdájí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn bí òṣìṣẹ́ Ìkẹjà, títí ààrò fi gbẹ. Nígbà tí oníbúrẹ́dì dáná padà, tí ògiri tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́wọ́ọ́wọ́, a ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹyọ kan tó kú nínú ìyókù. Wọ́n ti yọ ewé tuntun, ewé tútù yọ̀yọ̀.

Bàbá àgbà jáde sínú ọyẹ́, wọ́n fọwọ́ mú ìbàdí. "Ọyẹ́ dà? Ẹ bá mi pè é kó wá kí mi!"

Télọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ata náà, mo fojú mi rí i, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà." Ijó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, láìsí ìlù, àtẹ́wọ́ ni.

Òjò dé, a kó ata jáde sínú agbada tó ti jò, ó sì so débi pé ẹ̀ka ń tẹ̀. Bàbá àgbà kò so irúgbìn kankan rọ̀ mọ́. Gbogbo ẹni tó wá kí wọn lọ́sẹ̀ náà ló gba ata tirẹ̀ lọ gbìn, kálukú sì mú un lọ ìlú rẹ̀ nígbà ọdún. Kí Bàbá àgbà tó papò dà, ata náà ti dé Ìjẹ̀bú, ó ti dé Ọ̀yọ́, ó ti padà dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ayé ti yí o. Ilé náà ti di ṣọ́ọ̀bù alájà púpọ̀, kò sì sí ẹni tó ń fi igi yan búrẹ́dì níbẹ̀ mọ́. Ọyẹ́ Èkó ti di àlejò tí kì í jókòó, ooru ló kù tó ń bá wa gbé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Omole, nítòsí ibi tí mò ń gbé báyìí, kọ́ ilé ọ̀rá tó fi ń gbin nǹkan, fáànù ló sì ń wá sínú tirẹ̀. Mo sọ ìtàn yìí fún un, ó ní, "Màmá, ṣé lóòótọ́ ni òtútù ń mú èèyàn bẹ́ẹ̀ ní Agége?" N kò bínú sí i. Ìgbà tiwa ni tiwa, tirẹ̀ ni tirẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo rí ata náà lórí igbá lẹ́bàá ọ̀nà, àwọ̀ ọsàn, tẹ́ẹ́rẹ́. Mo bu ẹ̀kúnwọ́. Ọmọbìnrin tó ń tà á wò mí tìyanu-tìyanu, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má gé ju ẹyọ kan lọ sínú ọbẹ̀. Ata ilé wa ni, àlejò kì í mọ̀ ọ́n lò."